Ohun Tó Gbé Ọkọ Mi Lọ sí Sáàfù Ẹ̀yìn

Mi ò kì í ṣe ẹni tó ń tètè bínú. Bí ewúrẹ́ bá da èlùbọ́ mi nù níbi tí mo sá a sí, màá kó o jọ, màá gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, màá tún un sá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi yìí, bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń gún nǹkan lọ́wọ́, ọmọ odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ṣì ń bí mi. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni màá kọ ọ́. Mi ò ní fi ohunkóhun bò, torí bíbò náà ló pa á.

Ṣakí ni ilé wa. Oko wa wà lọ́nà Òfìkì, iṣu àti ọkà bàbà lọkọ mi ń gbìn. Ìbejì ni àkọ́bí wa, nítorí náà Bàbá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ohun tí èmi náà ń pè é nìyẹn. Ẹni tó bá gbé àdúgbò wa láyé ìjọba sọ́jà á mọ̀ ọ́n ní mọ́ṣáláṣí. Ó wà lára àwọn tó ru òkúta tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ló ti ń kírun ní sáàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, lápá ọ̀tún, nítòsí mínbárì tí lèmọ́mù ti ń wàásù. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àlejò bá lọ jókòó síbẹ̀, ẹnì kan á rọra fọwọ́ kàn án pé, "Ẹ sún díẹ̀ sí i, ibẹ̀ yẹn ní olóhun." Aṣọ funfun ni tirẹ̀ ní Jímọ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń fi búlù sí i kó lè tàn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a ti wa iṣu tán, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ní Jímọ̀ kan, mo gbé aṣọ funfun fún un, ó ní, "Bá mi mú aláró yẹn wá."

Mo ní, "Aláró? Lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé aláró kì í ṣe aṣọ ni?"

Mo mú un fún un. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwa obìnrin ti ń kírun, aṣọ náà kò sì kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe dìde tí wọ́n tò, mo rí gìgísẹ̀ ẹnì kan lábẹ́ aṣọ náà, gìgísẹ̀ tó sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ̀ ọ́n. Gìgísẹ̀ ọkọ mi ni. Ó ti kúrò níwájú, ó ti wá sí sáàfù tó kẹ́yìn pátápátá.

Kò pẹ́ sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ṣòkòtò ara rẹ̀. Odidi àgbẹ̀, tó ní ìyàwó nílé, ló jókòó ti bàsíà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń fi ọṣẹ fọ ṣòkòtò! Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní, "Ìyálé mi, ṣé ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń gbóná. Ohun tí mo rò ni pé ó ti ń fẹ́ obìnrin kan níta, pé lọ́fínńdà obìnrin náà ni kò fẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ. Mo dákẹ́, mò ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá rántí irú ìṣọ́ tí mo ń ṣọ́ ọ nígbà náà, ara mi ni inú kọ́kọ́ ń bí mi sí, kó tó kan àwọn yòókù.

Àwọn yòókù náà ní àlàyé tiwọn. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wa, àwọn kan sì ti ń rò pé ọkọ mi ni yóò kàn. Bí wọ́n ṣe rí i tó kó lọ sẹ́yìn, kíá ni wọ́n ti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: ó ń bínú oyè. Làdánì, ẹni tó ń pe ìrun, ló kó wọn wá sílé wa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni láti kékeré, olóhùn dídùn, ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí ọ̀kan má jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé obì sínú abọ́.

"Ìyàwó wa, ọ̀gá rẹ dà?"

"Wọ́n wà nínú ilé. Ẹ jókòó."

Ọkọ mi jáde sí wọn. Làdánì ní, "Ọ̀rẹ́ mi, a wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Lórí kí ni?"

"Oyè kì í tán nílé Ọlọ́run. Òmíràn ń bọ̀."

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Ẹni tí kò jà kì í fi iwájú sílẹ̀ lọ máa ṣọ́ bàtà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, torí ẹ̀gbẹ́ sáàfù tó gbẹ̀yìn náà ni a máa ń bọ́ bàtà sí lóòótọ́. Ẹnì kejì ní, "Àbí ìyàwó ẹ tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ló ń fà ọ́?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi dìde, ó mú búta omi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà wá, kò tíì jókòó tán, ó tún dìde, ó tún mú búta. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, làdánì yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí bó ṣe ń já wa sílẹ̀ lórí ìjókòó? Inú ń bí i débi pé kò lè gbà ká jọ jókòó."

Ẹ gbọ́ ná. Àgbà ọkùnrin mẹ́ta jókòó, wọ́n ń wo èèyàn tó lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí obì tó tán lẹ́nu wọn, wọ́n ní ìbínú ló ń bínú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi í pé, "Ṣé inú ń run ọ́ ni?" Wọ́n fi ojú ara wọn rí i, wọ́n sì kà á sí àfojúdi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tún gbé obì wá. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń parí ìjà tí kò sí, tí ohun tó ń pa ọkùnrin náà sì ń dàgbà nínú rẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, tí ààwẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo pinnu pé mo fẹ́ mú un. Ọ̀sán ni. Mo yọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń fọṣọ, mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sẹ́nu. Mo ní, "Ta lobìnrin náà?"

Ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Mo wo inú bàsíà. Omi ọṣẹ náà pupa.

"Kí lèyí?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Rọra sọ̀rọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kí ọyẹ́ tó wọlé."

Mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Mo ní, "Ṣé ohun tó gbé yín lọ sẹ́yìn nìyẹn?"

Ó wolẹ̀. "Bí èèyàn bá forí kanlẹ̀ níwájú, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni gbogbo sáàfù tó tẹ̀ lé e dojú kọ. Jímọ̀ kan mo délé, mo bọ́ aṣọ funfun, mo rí i lára rẹ̀. Mi ò mọ iye ojú tó ti rí i. Lẹ́yìn pátápátá yẹn, aṣọ ìkélé nìkan ló wà lẹ́yìn mi."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ń wá síbí, wọ́n ń bẹ̀ yín nítorí oyè. Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Kí n ní kí ni? Kí n ní mò ń ṣẹ̀jẹ̀ bí obìnrin? Ó sàn kí wọ́n rò pé oyè ni mò ń wá."

Mo fẹ́ fọ bàsíà náà mọ́ ọn lórí. Ó sàn fún un kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní olójúkòkòrò ju kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀? Mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín nítorí bàtà.

Ohun tí èmi wá ṣe nìyí o. Mi ò gbé e lọ sí ọsibítù. Ó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, èmi náà gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni kò ní jẹ̀díjẹ̀dí nílẹ̀ yìí? Ẹ̀yìn ń ro èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìdí ń yún èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da igbá bo adìyẹ. Wọ́n ní ohun dídùn ló ń fà á, mo bá yọ ṣúgà kúrò nínú kòkó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbádùn láyé nìyẹn, kòkó tó dùn láàárọ̀, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dẹ́kun àtidín dòdò. Ó ní ìgò àgbo kan nínú àpò oko, mo ra méjì kún un. Ó mu ún, ó ń yàgbẹ́ sí i, a ní àgbo ń ṣiṣẹ́.

Ààwẹ̀ wá wọlé, ààwẹ̀ sì tún bò ó fún wa. Nínú ààwẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń rù. Gbogbo èèyàn ló ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo okùn ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá so ó tán, ìrù okùn tó máa ń mọ díẹ̀ sísàlẹ̀ ìdodo tẹ́lẹ̀ ti ń dé orúnkún. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ti rù jù." Ó ní, "Ìwọ náà ti rù." Mi ò tíì rù rárá, ó kàn fẹ́ kí n gbẹ́nu dákẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a jọ lọ sóko. Ebè tó kọ kò tíì tó mẹ́wàá tó fi jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó jẹ́ pé òkùnkùn ló máa ń lé e wálé. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù. Mo ní, "Ó tó. Ọ̀la la ń lọ sí ọsibítù." Ó ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe àìsàn ọsibítù." Mo ní, "Bẹ́ ẹ ò bá lọ, èmi á lọ sí mọ́ṣáláṣí, màá lọ sọ fún làdánì ohun tí ẹ̀ ń fọ̀ nínú bàsíà." Bó ṣe gbà láti lọ nìyẹn. Ìtìjú tó fi ń kú lọ ni mo fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà náà kò gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì ló ń túmọ̀. Ó béèrè pé ṣé bó ṣe ń yàgbẹ́ ti yí padà. Ọkọ mi ní rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: tẹ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kí wọ́n tó lọ sóko, nísinsìnyí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó kí àsùbáà, ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní jáde rárá. Ó béèrè pé ṣé ó máa ń ṣe é bíi pé ó ṣì kù lẹ́yìn tó bá ti ṣe tán. Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "Ta ló sọ fún un?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó kàn mọ ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè ni. Ó béèrè ẹ̀jẹ̀, ó béèrè inú rírun àti inú wíwú, ó béèrè rírù, ó béèrè àárẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí nínú ilé mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rí ẹsẹ̀ olè nílẹ̀ tí kò tẹ̀ lé e.

Nígbà tí dókítà ní òun fẹ́ fi ìka wò ó nídìí, ọkọ mi dìde pé kí a máa lọ ilé. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ wa, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kó wò ó. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ." Kò sì jù ú lọ. Lẹ́yìn gbogbo oṣù yẹn, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi rí i.

Ó ní kókó kan ti hù sínú ìfun ńlá. Jẹjẹrẹ ni. Mo mọ jẹjẹrẹ ọmú, mi ò mọ̀ pé ó lè gbé inú ìfun. Mo ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ni?" Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí náà lè ṣẹ̀jẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú kì í mọ̀ ọ́n láti ìta, àfi kí wọ́n yẹ inú wò. Ó ní ká ní ó tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé e kúrò. Kò bú wa. Ó ì bá bú wa.

Ó fi ìwé lé wa lọ́wọ́ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n la inú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti dé ẹ̀dọ̀, wọ́n sì tún rán ojú abẹ náà pa láìgé nǹkan kan. Nígbà tí iṣu tuntun wọ ọjà, kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Mo fún un ní ìwọ̀nba kòkó díẹ̀díẹ̀, mo da ṣúgà sí i dáadáa. Ó kú ní ọjọ́ Alámísì kan, lẹ́yìn ìrun àsàrí.

Ní fídáù ọjọ́ kẹjọ, iwájú ilé wa kún. Èmi wà nínú opó, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn. Ààfáà tó ń ṣe wàásù kò mọ ọkọ mi dáadáa, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ. Ó ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹni tó ru òkúta mọ́ṣáláṣí, tó wá yọ̀ǹda sáàfù iwájú fún àwọn ẹlòmíràn, tó lọ bá àwọn kékeré lẹ́yìn!" Wọ́n ń ké Àlùhámdù lílàhì. Ohùn làdánì ló ròkè jù.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ opó. Mi ò pariwo. Mo ní, "Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Ẹnì kan ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Àárín èrò la wà."

"Àárín èrò ni mo fẹ́ kó wà. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ọkọ mi jáde. Ó lọ sẹ́yìn kí ẹ má bàa rí i lára aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé obì wá, ẹ ní oyè ló ń bínú. Ó lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú yín, ẹ ní ó ń já yín sílẹ̀. Ó ń rù, ẹ ní ààwẹ̀ ni. Èmi náà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má pe ohun tó pa á ní ìrẹ̀lẹ̀ nílé mi."

Àwọn obìnrin fà mí wọlé. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ààfáà yí wàásù sí ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n gbé oúnjẹ jáde, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, làdánì wá. Kò wọlé, torí opó ni mí. Ìta fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí. Ó kí mi. Ó tún mi kí. Ó béèrè ewúrẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bóyá òrùlé ṣì ń jò. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ tí o sọ yẹn. Ṣé pupa ni, àbí dúdú?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló ń béèrè. Inú bí mi. Ọkùnrin tó jókòó sílé yìí, tó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí bàtà, òun ló wá dúró lábẹ́ fèrèsé mi yìí.

Mo ní, "Tiyín ńkọ́? Àwọ̀ wo ni?"

"Dúdú. Bí ọ̀dà."

"Láti ìgbà wo?"

"Inú ààwẹ̀."

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀?"

"Kò mọ̀. Má sọ fún un, Ìyá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Ilé wọn kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí tiwa. Mo gbé ohùn sókè, mo pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tó fi dáhùn, tó sì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun èlùbọ́. Ó rò pé nǹkan ló ṣe mí. Mo ní, "Bàbá ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín."

Làdánì wò mí bí ẹni tí mo tú sí ìhòòhò láàárín ọjà. Ó ní, "Kò sí nǹkan. Jẹ̀díjẹ̀dí díẹ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Ó kọjú sí ògiri, ó sì sọ ọ́. Ó sọ àwọ̀ rẹ̀, ó sọ iye ìgbà tó ń dìde lóru, ó sọ inú tó ń wú u. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò ké. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó bi mí pé ìgbà wo ni ọkọ̀ àárọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù máa ń kúrò.